Bí Abẹ́rẹ́ Màlúù Ṣe Ń Di Omi Lásán: Ìtàn Oògùn Nínú Mílíìkì Láti 1928

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin màlúù: kí ló dé tí abẹ́rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́? Àwọn kan á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìdí míì tún wà, tó jẹ́ pé oògùn yẹn dára, kòkòrò tó ń fa àìsàn ló ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ ìlú òyìnbó kó tó kàn wá. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, torí pé ohun tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe báyìí.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Oògùn tí à ń sọ ni antibiotic: pẹnisílìnì, tetracycline, streptomycin àti àwọn ẹbí wọn. A ò ní pè é ní apakòkòrò, kí ẹnìkan má lọ rò pé èyí tí à ń fọ́n sí ẹ̀wà ni. Kòkòrò tí à ń sọ náà kì í ṣe eṣinṣin tàbí eégbọn o, bakitéríà ni, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Omi tó ń ti ọmú màlúù jáde, mílíìkì la ó máa pè é. Èyí tó ti dì, tí à ń dín tàbí tí à ń sè sínú ọbẹ̀, wàrà la ó máa pè é.

Ní 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming rí i pé nǹkan kan tó hù nínú àwo tó fi ń sin bakitéríà, irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ti pa àwọn bakitéríà tó wà nítòsí rẹ̀. Pẹnisílìnì nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí Howard Florey àti Ernst Chain tó sọ ọ́ di oògùn gidi ní Oxford. Ẹ wá gbọ́ èyí tó yẹ kó ya wá lẹ́nu. Ní 1940, kí àwọn ará Oxford wọ̀nyí tó fún aláìsàn wọn àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní 1941, Chain àti Edward Abraham ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn bakitéríà kan ní ohun kan lára tó ń ba pẹnisílìnì jẹ́. Oògùn náà kò tíì dé ọjà, ẹni tó máa ṣẹ́gun rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí Fleming sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn yìí ní ìwọ̀n tó kéré jù, kò ní pa kòkòrò náà, ńṣe ló máa kọ́ ọ bí yóò ṣe dúró dè é.

Báwo ló ṣe dé ara màlúù? Ọmú ló gbà dé ibẹ̀. Màlúù tí wọ́n ń fún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, orí ọmú rẹ̀ kì í tètè pa dé lẹ́yìn fífún. Bí ó bá lọ dùbúlẹ̀ sínú ìgbẹ́ àti ẹrọ̀fọ̀ lásìkò yẹn, bakitéríà á gba ibẹ̀ wọlé. Ọmú á wú, á gbóná, mílíìkì á di omi tó ní kókó nínú, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde. Láyé àtijọ́, ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ti pàdánù apá ọmú náà nìyẹn, tàbí kó ta màlúù náà fún alápatà. Ní 1939, René Dubos, ará Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, rí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní gramicidin, láti ara bakitéríà tó ń gbé inú ilẹ̀ lásán. Ara àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ni àwọn màlúù tí wọ́n kó wá sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé tó wáyé ní New York lọ́dún náà, tí ọmú wọn wú. Lẹ́yìn ìyẹn ni pẹnisílìnì wá dé, ó sì gba ipò iwájú. Láàrin ọdún 1940 sí 1950, wọ́n ti ń tà á nínú túùbù kékeré tí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú orí ọmú. Ọmú tó wú lánàá á rọ̀ lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta. Ta ni kò ní fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo kì í ṣe dókítà. Àwọn tó ń ṣe ṣíìsì àti yọ́gọ́ọ̀tì ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi bakitéríà tó dára sínú mílíìkì kó lè kan. Pẹnisílìnì kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí àgbẹ̀ kan bá fún màlúù rẹ̀ lóògùn láàárọ̀, tó da mílíìkì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù lálẹ́, odidi àgbá lè kọ̀ kò ní kan. Owó ńlá ló ń ṣòfò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ mílíìkì wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń gé owó ẹni tí wọ́n bá bá oògùn nínú tirẹ̀. Títí dòní, ní Amẹ́ríkà, kò sí ọkọ̀ mílíìkì tó ń já ẹrù sí ilé iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún oògùn ìdílé pẹnisílìnì. Bí wọ́n bá rí i, gbogbo ọkọ̀ náà ni wọ́n máa dà nù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníwàrà gbọ̀ngbọ̀n. Wàrà tiwa, ewé bòmubòmu ló ń mú un dì, pẹ̀lú iná. Omi ewé bòmubòmu kì í ṣe ohun abẹ̀mí, antibiotic kò lè pa á. Èyí túmọ̀ sí pé mílíìkì tó kún fún oògùn á dì dáadáa nínú ìkòkò yín, á funfun, á dùn ún wò, kò ní fún yín ní àmì kankan. Àwọn oníṣíìsì ìlú òyìnbó rí àmì, àwa kò ní rí i. Ẹ má sì gbọ́kàn lé iná nìkan. Kí á se mílíìkì dáadáa máa ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà, ìyẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pa oògùn tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ tán. Nónò àti yọ́gọ́ọ̀tì ló yàtọ̀, torí bakitéríà ló ń mú wọn kan. Ìyá tó bá rí i pé mílíìkì kan kọ̀ tí kò kan, nígbà tí ti ìyókù kan, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un bóyá màlúù ìdí ẹ̀ gba abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbí o, ẹ má jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni oògùn tó ṣẹ́ kù nínú mílíìkì. Èkejì ni bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́, tó lè wà nínú mílíìkì, nínú ìgbẹ́ màlúù, lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un. Èkíní, bí màlúù bá ti parí ọjọ́ rẹ̀, ó tán. Èkejì kì í tán bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí 1949 sí 1950, ilé iṣẹ́ Lederle ní Amẹ́ríkà rí nǹkan míì. Thomas Jukes àti Robert Stokstad fi ìdọ̀tí tó kù lẹ́yìn ṣíṣe oògùn Aureomycin, tó jẹ́ ẹbí tetracycline, sínú oúnjẹ òròmọdìẹ, àwọn òròmọdìẹ náà sì yára dàgbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń po antibiotic mọ́ oúnjẹ ẹran tí kò ṣàìsàn, kó lè tètè sanra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè ní 1953 fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́: ohun tí Fleming ní kí wọ́n má ṣe gan-an nìyẹn.

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kó ẹran láti kárà kan dé kárà kejì mọ̀ dáadáa ni ti àwọn ọmọ màlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin 1963 sí 1965. Màlúù kì í ní mílíìkì àfi tó bá bímọ. Tó bá wá bí akọ, àgbẹ̀ tó ń ta mílíìkì kò ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Bí ọmọ náà bá ti pé ọjọ́ díẹ̀, alágbàtà á wá rà á. Alágbàtà á kó èyí tó wá láti oko yìí pọ̀ mọ́ èyí tó wá láti oko mẹ́wàá míì, wọ́n á sùn sínú ilé kan náà, wọ́n á tún rìnrìn àjò gígùn nínú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa bọ́ wọn sanra. Ebi á pa wọ́n, òtútù á mú wọn, wọn kò mu wàràǹṣà ìyá wọn tó, ìyẹn mílíìkì àkọ́fún tó máa ń fún ọmọ lágbára. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀kan á kan ẹnu èkejì. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́, aláìsàn àti ẹni tí kò ṣàìsàn, "kí ó má bàa ṣẹlẹ̀". Bí abẹ́rẹ́ kan kò bá ràn án mọ́, wọ́n á mú òmíràn.

Kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀ ni Salmonella typhimurium, irú èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 29. E. S. Anderson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ìjọba ní Colindale, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ló ń gba àpẹẹrẹ láti ibi gbogbo, ti ẹran àti ti èèyàn. Ó rí i pé kòkòrò yìí ń fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n ni. Bí wọ́n ṣe ń mú oògùn tuntun wá, streptomycin, tetracycline, ampicillin, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ bó ṣe máa dúró dè é, kò sì gbàgbé èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tọ ipa rẹ̀ dé ibi òwò ọmọ màlúù wọ̀nyí. Ó sì bá irú kòkòrò kan náà lára àwọn èèyàn tó ń ṣàìsàn inú.

Báwo ni bakitéríà ṣe ń fi kún un kíákíá bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ló ti já a ní nǹkan bí 1959, nígbà tí wọ́n ń wá ìdí tí oògùn kò fi ran ìgbẹ́ ọ̀rìn mọ́. Wọ́n rí i pé bakitéríà kan lè ṣe ẹ̀dà ọgbọ́n tó ní, kó gbé e fún bakitéríà míì tí wọn kì í tiẹ̀ ṣe ìdílé kan náà. Bí ẹni ń gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò ni. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin márùn-ún sì lè wà lórí òrùka kan, tó jẹ́ pé ẹni tó gba ọ̀kan ti gba gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kòkòrò inú màlúù tí kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan lè gé kọ́kọ́rọ́ fún èyí tó ń pa ọmọdé. Anderson pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn kò fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ náà kò sì fẹ́ gbọ́. Lójú tiwa, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí ọmọ màlúù rẹ̀ ń kú lójú ẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló máa lò.

Ní ìparí 1967, ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ kú ní àgbègbè Teesside nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru tí antibiotic kò ràn. Wọn kò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ara ẹran ni kòkòrò yẹn ti wá, àmọ́ ọkàn gbogbo ìlú ti bàjẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Michael Swann ló ṣe alága rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní November 1969. Wọ́n ní oògùn tí à ń fi tọ́jú èèyàn, bíi pẹnisílìnì àti tetracycline, kò gbọ́dọ̀ sí nínú oúnjẹ ẹran torí kó lè sanra, àfi tí dókítà ẹran bá kọ ọ́ fún àìsàn. Òfin tẹ̀ lé e. Ihò kan ṣì wà nínú rẹ̀: dókítà ẹran ṣì lè kọ ọ́ fún odidi agbo, ọ̀pọ̀ sì ń kọ ọ́. Yúróòpù kò fòfin de gbogbo antibiotic ìmúsanra tán títí di ọjọ́ kìíní oṣù January 2006.

Láàrin ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ọmú kò dúró. Ní 1972, ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n rí nínú mílíìkì màlúù tí ọmú rẹ̀ wú, Staphylococcus kan tí methicillin kò ràn. Oògùn tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tó ti ṣẹ́gun pẹnisílìnì ni methicillin o. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mọ irú kòkòrò yẹn tẹ́lẹ̀.

Èyí tó tóbi jù ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní 1985. Mílíìkì inú páálí láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, mílíìkì tí wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀. Ó lé ní 16,000 èèyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú, àwọn tó sì ṣírò gbogbo ẹni tí kò lọ ṣàyẹ̀wò ní iye náà lè sún mọ́ 200,000. Salmonella tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn ni. Ìwádìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti fara pamọ́ sínú ilé iṣẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́, kó sì máa kó wọnú mílíìkì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e kúrò lórí iná. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fò: àwọn tó ti ń lo antibiotic fún nǹkan míì ṣáájú ni ó tètè mú. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn ti pa bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ìfun wọn, èyí tí oògùn kò ràn wá bá ilé òfìfo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé capsule mì nígbàkígbà tí inú bá ń run yín, ẹ gbọ́ èyí.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ Cambridge tún rí Staphylococcus irú tuntun kan nínú mílíìkì màlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò kò lè dá mọ̀. Ní 2022 ni ìwádìí míì sọ pé irú ọgbọ́n tó ní yìí ti wà lára ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré tí wọ́n ń pè ní hedgehog kí wọ́n tó ṣe antibiotic kankan. Torí náà kì í ṣe oògùn ló dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Ohun tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn tí kò ní in, ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ní in.

Ṣé àgbẹ̀ lè dín oògùn kù kí màlúù rẹ̀ má kú? Netherlands dá wa lóhùn. Nígbà kan, wọ́n wà lára àwọn tó ń lo antibiotic fún ẹran jù ní Yúróòpù. Láti 2009 sí 2013, wọ́n dín iye tí wọ́n ń tà kù ju ìdajì lọ. Ní ti màlúù, wọ́n fòpin sí àṣà kan tó ti wà láti ọdún 1960 sókè, pé bí màlúù bá fẹ́ sinmi fífún kó tó bímọ, kí wọ́n fi oògùn sí gbogbo ọmú rẹ̀, ì báà ṣàìsàn, ì báà má ṣàìsàn. Àṣà yẹn ṣe iṣẹ́ rere nígbà tirẹ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó tó kí wọ́n yẹ màlúù kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n tọ́jú èyí tó nílò rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ta mílíìkì káàkiri ayé. Láti January 2022, òfin gbogbo Yúróòpù kò gbà kí wọ́n máa fún ẹran lóògùn déédéé torí àìsàn tí kò tíì dé.

Nílé ńkọ́? Nàìjíríà ṣe ètò orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017. Ìwé wà. Nínú ọjà wa, ẹnikẹ́ni tó bá ní owó lè ra oxytetracycline nínú ìgò láìrí dókítà ẹran, wọ́n á fi ojú díwọ̀n rẹ̀, wọ́n á gún un lẹ́ẹ̀kan, bí ẹran bá ti dìde wọ́n á dáwọ́ dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mílíìkì ti wà nínú igbá, ó ti ń lọ láti gáà sí ọ̀dọ̀ oníwàrà. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìlọrin kò mọ nǹkan kan. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá ṣàìsàn inú lóṣù tó ń bọ̀, tí oògùn kò sì ràn án, kò sẹ́ni tó máa rántí màlúù.

Ohun tí a lè ṣe kò le jù. Ẹ dín ohun tó ń fa abẹ́rẹ́ kù: ọwọ́ fífọ̀ kí ẹ tó fún mílíìkì, ọmú nínù pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, ibùsùn gbígbẹ. Ẹ fún ìfún àkọ́kọ́ sínú ife dúdú kí ẹ fi wo kókó. Èyí tí ọmú rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ẹ fún un kẹ́yìn. Bí abẹ́rẹ́ bá di dandan, ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ lo ìwọ̀n àti iye ọjọ́ tó bá sọ pé pérépéré. Ara ìgò ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tí mílíìkì kò gbọ́dọ̀ fi dé ọjà sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ má gbé mílíìkì ọjọ́ wọ̀nyẹn fún ọmọ màlúù kó má bàa ṣòfò, torí inú ọmọ náà ni kòkòrò á ti máa kọ́ ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù níbẹ̀. Darandaran tó ní màlúù mẹ́ta tó ń fún kò ní fẹ́ da ti ọ̀kan nù fún ọjọ́ mélòó kan, bí oníwàrà bá sì fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó sọ òótọ́, kò ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rà á lójoojúmọ́, ẹ bá àwọn oníbàárà yín ní gáà ṣàdéhùn ṣáájú: ẹni tó bá sọ pé màlúù òun gba abẹ́rẹ́, kò ní pàdánù àyè rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, owó ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan ni kò ní gbà. Kí wọ́n so okùn pupa mọ́ ẹsẹ̀ màlúù náà, kí gbogbo ẹni tó bá ń fún un lè mọ̀. Kí ìwé kékeré kan sì wà nílẹ̀: màlúù wo, oògùn wo, ọjọ́ tó gbà á, àti ọjọ́ tí mílíìkì rẹ̀ á padà sínú ìkòkò.